Ogójì Clé Tí A Pín Nítorí Ìyá Mi

Ìwé kan wà lára ògiri yàrá kọ̀mpútà ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Koumassi Remblais. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, ní lẹ́tà gàdàgbà gadagba, ní èdè Faransé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki clé tó mú wá láti ilé bọ ẹ̀rọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dán an wò yóò kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ yìí. Clé ni gbogbo wa ní Abidjan ń pe fláàṣì, ohun kékeré tí kò ju ìka lọ, tí à ń kó iṣẹ́ àti orin sí. Ìwé náà ti pẹ́ níbẹ̀, oòrùn ti jẹ àwọ̀ rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn àtimáa wò ó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó rẹ̀ mí láti ya á kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ẹ má baà rò pé ọ̀gbẹ́ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Obìnrin ni mí, ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ìgbòho ni bàbá àti ìyá mi. Ẹ̀rọ mẹ́sàn-án ni a ní, àlòkù ni gbogbo wọn, mẹ́ta nínú wọn kì í tàn bí òjò bá ti rọ̀. Ọmọ ọgọ́ta ló ń wọlé wá lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́fà, méje á jókòó sídìí ẹ̀rọ kan, ọ̀kan á máa tẹ̀ ẹ́, àwọn yòókù á máa jà lé e lórí. Kí wákàtí kan tó pé, ohùn mi á ti há.

Ẹ̀kọ́ tí mo fi gbogbo ara kọ́ wọn ni ti kòkòrò inú kọ̀mpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní virus. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò ní ẹsẹ̀, kò ní ìyẹ́. Àṣẹ lásán ni, tí èèyàn burúkú kan jókòó kọ, tí ẹ̀rọ sì ń mú ṣẹ láìbéèrè ìdí. Èyí kan wà tó ń díbọ́n bí eré. Òmíràn á ti gbogbo ìwé rẹ mọ́lé, á ní àfi kí o wá san owó ìdáǹdè. Òmíràn kàn ń yọjú wo ohun tí ò ń tẹ̀ ni. Àwọn ọmọ á máa yán. Ohun tó máa ń jí wọn ni ọ̀rọ̀ iná orí. Mo máa ń ní, “Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní iná lórí, tí o sì yá òòyà rẹ̀, ṣé iná á ní nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ níwà, òun ò ní gùn ọ́ lórí?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa họra. “Kòkòrò kì í mọ èèyàn dáadáa,” ni mo máa ń fi parí rẹ̀. Ó dùn lẹ́nu mi gan-an nígbà yẹn.

Ìyá mi kú lẹ́yìn ààwẹ̀. Àìsàn ọjọ́ mẹ́fà péré ni. Mi ò ní lè sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò ní lè kọ ìyókù. Nígbà tí ogójì ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí a ó fún àwọn tó bá wá síbi fídáù. Nílé wa níbí, èèyàn kì í lọ síbi àdúà òkú kó padà ní ọwọ́ òfo. Abọ́ ni àwọn kan máa ń pín, tówẹ́ẹ̀lì ni àwọn mìíràn. Bàbá mi, tó ti ń ta aṣọ ní ọjà Treichville láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ní òun ò fẹ́ abọ́.

Ó ní, “Abọ́ á fọ́. Tówẹ́ẹ̀lì á gbó, wọ́n á fi nu ilẹ̀. Wáàsí ni kí a fi sínú clé, kí a lẹ àwòrán ìyá rẹ mọ́ ọn. Ogójì clé, fún ogójì ọjọ́. Ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ọ, láádá rẹ̀ á máa kan ìyá rẹ nínú sàréè. Sàárà tí kì í dáwọ́ dúró nìyẹn.”

Kò sí ohun tó tún dára ju ìyẹn lọ létí mi. Mo sunkún, mo ní, “Bàbá, ẹ ṣeun.” Ó ra clé náà lọ́jà. Wáàsí fúnra rẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, tó ń bá èèyàn da wáàsí láti inú clé kan sí òmíràn. Gbogbo àwa èèyàn Ìgbòho, Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Abidjan, bí a ṣe ń gbọ́ wáàsí nìyẹn. Ẹni tó bá ní, á fún ẹni tí kò ní. Kì í ṣe ohun tí à ń kọ̀. Ta ni yóò kọ wáàsí?

Mi ò ní kọ̀mpútà nílé. Ti ilé ẹ̀kọ́ ni mo lò, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Mo mọ òfin, ṣebí èmi ni mo kọ ọ́, ó sì ń wò mí láti ara ògiri. Mo sọ fún ara mi pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òfin wà fún. Mo ki clé tí wáàsí wà nínú rẹ̀, tí bàbá mi gbé fún mi, bọ ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀rọ mọ́ pìà: ẹ̀ṣọ́ tí a fi ń dènà kòkòrò ní òun rí ohun kan nínú clé yìí tí kò dára, òun fẹ́ pa á rẹ́.

Mo pa àkíyèsí náà dé. Ó tún yọ. Mo wò ó títí. Ó rẹ̀ mí, ojú mi ti wú, ogójì clé wà níwájú mi nínú ike, àwòrán ìyá mi lẹ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó wé ìborùn funfun, tó ń rẹ́rìn-ín, tí èjí rẹ̀ ń hàn. Mo ní, “Wáàsí nì yí, ìwọ ẹ̀rọ yìí. Kí lo rí nínú wáàsí?” Mo wá pa ẹ̀ṣọ́ náà fúnra rẹ̀, kó má baà yọ mí lẹ́nu mọ́. Mo da wáàsí sínú clé kìíní, sínú ìkejì, títí ó fi pé ogójì. Mo tilẹ̀ ń ṣàdúà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo parí, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ sílé. Mi ò rántí jí ẹ̀ṣọ́ náà padà.

A ṣe fídáù náà, ó lọ dáadáa. Àwọn ìyá àgbà gba clé, wọ́n wo àwòrán, wọ́n bú sẹ́kún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní kọ̀mpútà. Rédíò kékeré ni wọ́n ń ki clé bọ̀, kòkòrò kò sì rí ohun tó máa fi rédíò ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi tètè fura.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ wa figbe ta. Ìwé èsì gbogbo ọmọ, tí a fẹ́ fún àwọn òbí lọ́jọ́ kejì, kò sí mọ́. Àpò inú ẹ̀rọ tí a kó wọn sí ti di àwòrán ọfà kéékèèké, tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, nǹkan á kàn ṣẹ́jú, ẹ̀rọ á tún falẹ̀ sí i. Mo mọ irú kòkòrò yẹn. Ó ń gbé nínú clé. Á fi nǹkan ẹni pamọ́, á gbé ayédèrú sípò rẹ̀, ẹni tó bá ti tẹ ayédèrú náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Clé ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló ń gbé e láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn: ẹ̀rọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló ti mú, ti akọ̀wé ló ṣe ìkẹwàá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í kí n tó rí àwọn ìwé náà kó jáde. Ẹ̀yìn ń dùn mí bí ẹni tó ro oko. Nígbà tí mo dé ìdí ẹ̀rọ tèmi, mo bá ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ní pípa, mo sì rántí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo tan án padà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní àfi kí òun mọ ẹni tó ṣe é. Ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni, ọkùnrin tí kì í pariwo, ohun tó bá sì ti sọ, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Olùtọ́jú àwọn ọmọ ní òun rí ọmọbìnrin kan ní kíláàsì troisième, tó ki clé bọ ẹ̀rọ kan láti tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ jáde. Wọ́n pe ọmọ náà. Wọ́n pe èmi náà sí yàrá kọ̀mpútà, kí n wá yẹ clé ọ̀hún wò.

Ọ̀gá gbé clé náà lé orí tábìlì. Mo wò ó. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo mọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ọmọ obìnrin Ìsẹ́yìn kan tó ń ta abẹ́rẹ́, òwú àti síìpù ní ọjà Treichville, tí ìyá mi fẹ́ràn bí àbúrò. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, Faransé ló fi ń dáni lóhùn. Nílé ẹ̀kọ́, Madame ló ń pè mí. Bí a bá pàdé lójú títì, á di Tantie, ìyẹn àǹtí. Ọ̀gá bi í níbi tó ti rí clé náà. Ó wo àwòrán, ó wò mí, ó wolẹ̀. “Láti ilé ni,” ló wí. Ó tán. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nílé nìyẹn: ọmọ kì í nàka sí àgbà.

“Ṣé kòkòrò náà wà nínú rẹ̀?” ni ọ̀gá bi mí.

Mo ki í bọ ẹ̀rọ, mo yẹ̀ ẹ́ wò. “Ó wà nínú rẹ̀, Monsieur.”

Òótọ́ ni mo sọ. Irọ́ gbáà ni mo pa.

Ọ̀gá tọ́ka sí ìwé ara ògiri mi. Ó ní òfin ni òfin, ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí òbí rẹ̀ wá gba ìwé rẹ̀, kó máa lọ. Ọdún ìdánwò BEPC, tí wọ́n fi ń parí girama kékeré, sì nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ gba ọmọ kíláàsì troisième nígbà tí ìdánwò ku oṣù díẹ̀? Ọdún náà ti bọ́ nìyẹn. Bàbá ọmọ náà sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí ìwé kò bá ṣeé ṣe lọ́dún yìí, kó lọ bá ìyá rẹ̀ jókòó ti abẹ́rẹ́ lọ́jà. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì lọ sílé lọ jẹun.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dákẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé orúkọ ìyá mi ni mò ń dáàbò bò: ṣé kí wọ́n máa wí ní gbogbo Treichville pé sàárà rẹ̀ ló ba ilé ẹ̀kọ́ jẹ́? Irọ́ ni. Iṣẹ́ ni mo ń bẹ̀rù, ojú sì ń tì mí. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọgọ́ta lẹ́ẹ̀kan pé kí wọ́n má yá òòyà!

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì, ìyá ọmọ náà wá sí àgbàlá wa. Kò tíì jókòó tó fi kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín. Ẹ̀yin nìkan ni èèyàn wa tó wà níbẹ̀.”

Mo ní, “Dìde, jọ̀wọ́. Dìde nílẹ̀.”

Kò dìde. “Clé ìyá wa ni o. Aṣọ funfun ni mo fi ń wé e, inú àpótí wúrà mi ló ń gbé. Ọmọ yìí ò mọ̀ ju kó mú un lọ fi gbé iṣẹ́ rẹ̀, torí kò ní òmíràn. Mo ti nà án. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, kòkòrò wo ló fẹ́ wà nínú rẹ̀? Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé clé ìyá yín ni. Ẹ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún un. Kò sí ohun burúkú tó lè ti ọwọ́ ìyá yín wá.”

Ó ti nà án. Ọmọ tí kò fi mí hàn, wọ́n ti nà án. Mo fà á dìde, mo ní kó máa lọ sílé, kó wá ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, òun àti ọmọ rẹ̀. Ó rò pé mo fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ ni. Ó súre fún mi títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó súre fún ìyá mi pẹ̀lú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo wa wà ní ọ́fíìsì. Mo bá ọ̀gá sọ ọ́ ní Faransé, mo tún un sọ ní Yorùbá nítorí ìyá ọmọ náà. Mo ní èmi ni mo da wáàsí yẹn lórí ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́. Mo ní ẹ̀rọ kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Mo ní ọmọ yìí gba kòkòrò lọ́wọ́ mi ni. Bó ti wù kó rí, kó tó ki clé rẹ̀ bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà ti ṣàìsàn.

Ọ̀gá yíjú sí mi. Ó wá ní, “Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ kọ òfin?”

Mo ní, “Èmi ni, Monsieur.”

Ó ní kí ọmọ máa lọ sí kíláàsì. Ọmọ náà dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ ṣé, Tantie.” Ìyá rẹ̀ ò wò mí. Ó mú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde, títí di òní, ó ń kí mi lọ́jà, kò sì jókòó tì mí mọ́. Ọ̀gá gba ẹrù ìtọ́jú yàrá kọ̀mpútà lọ́wọ́ mi. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké báyìí. Ó dẹ̀ mí lọ́rùn díẹ̀, kí n má purọ́.

Ti bàbá mi ló kù. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó jókòó sórí àga rẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fà á. Mo rò pé yóò bínú sí mi. Mo fẹ́ kó bínú.

Ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́, “Bí láádá wáàsí yẹn ṣe ń kan ìyá rẹ, ṣé ibi tó wà nínú rẹ̀ náà ń kàn án?”

Mo ní, “Rárá, Bàbá. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

Ó bojú wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó ṣe, ó ní, “Lọ gbà wọ́n padà. Gbogbo wọn.”

Mo ti ń gbà wọ́n láti ìgbà náà. Bí mo bá ti jáde ní kíláàsì, mo wọ wôrô-wôrô, ọkọ̀ akérò wa yẹn, mo lọ sí Treichville lónìí, Adjamé lọ́la. Mo gba clé, mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kó fọ̀ ọ́ mọ́, mo dá wáàsí padà sínú rẹ̀, mo gbé e padà fún ẹni tó ni ín. Mo máa ń ṣàlàyé, kì í sábà yé wọn. Ọ̀kan ní ṣé wáàsí náà kò dára ni. Ọ̀kan ní ọkọ òun ti mú tòun lọ sí Bouaké. Méjì ti dé Ìgbòho. Mo ti rí mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbà. Ẹsẹ̀ mi wú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní Koumassi, ọ̀rẹ́ ìyá mi láti ìgbà ọmọge. Ó bọ́ síta bá mi, ó dì mọ́ mi. Kí n tó lanu, ó ti mú clé rẹ̀ jáde láti inú ẹ̀gbẹ́ aṣọ.

“O wá béèrè bí mo ṣe ń lò ó, àbí? Mo ń lò ó o. Mo ti ní kí ọmọ-ọmọ mi fi kọ̀mpútà rẹ̀ bá mi dà á fún èèyàn méje. Méje! Àwọn méje yẹn náà ti ń dà á fún ẹlòmíràn. Gbogbo wọn ló ń gbọ́ ọ nítorí ìyá rẹ. Sàárà ìyá rẹ ò ní dáwọ́ dúró láéláé.”

Ojú rẹ̀ ń dán. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń dúró kí n dáhùn àdúà.

Mo ní, “Àmín, Màmá. Ẹ ṣeun.”